Kí Ìwé Máa Bá Òwò Rìn: Àtúnṣe Àdéhùn Òwò Àjọṣe àti Owó Òǹtẹ̀

 

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹ̀yin oníṣẹ́ ìwé títẹ̀ tó wá pe èmi lọ́yà kìlọ̀ fún mi pé kí n má wá ka òfin fún yín bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ó ní ohun tó ń dun àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni pé òwò tí èèyàn méjì mẹ́ta jọ dá sílẹ̀ ń tú ká, ìwé àdéhùn wà nílẹ̀, síbẹ̀ ìwé náà kì í gba ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ìjà. Mo ní n óò wá, torí mo mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò ni wọ́n kọ ìwé náà. Òwò ti rìn jìnnà, ìwé ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe àtúnṣe, orí ìjókòó ni wọ́n ti ṣe é, tàbí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà tí ìjọba kò tẹ̀ lóǹtẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín lé lórí: nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà láàárín yín ni kí ẹ tún ìwé ṣe, kí ẹ sì san owó òǹtẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn mẹ́ta kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Àkàndé, Àbẹ̀kẹ́ àti Àjàní dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Ṣómólú níbí. Àkàndé ló ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord, àlòkù tó ti Jámánì dé. Àbẹ̀kẹ́ ló gbé owó bébà, owó íńkì àti owó ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Àjàní kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ló mọ iṣẹ́. Bí àwọ̀ mẹ́rin bá kọ̀ láti dúró lórí ara wọn, òun ni yóò tún un ṣe títí wọn yóò fi dúró. Wọ́n fẹnu kò pé bí èrè bá wọlé, kí Àkàndé mú márùn-ún nínú mẹ́wàá, kí Àbẹ̀kẹ́ mú mẹ́ta, kí Àjàní mú méjì. Lọ́yà kọ ọ́, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì mu mínírà lé e lórí.

Ọdún bíi mélòó kan kọjá. Kord ti di irin tó jókòó sẹ́yìn ilé. Èrè òwò gan-an ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ díjítà tó ń jẹ́ kí wọ́n rówó jẹun báyìí. Àkàndé ti kó lọ sí Abẹ́òkúta, ó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àjàní ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń tì í. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ó yẹ kí èrè Àjàní di mẹ́rin, kí ti Àkàndé di mẹ́ta. Àkàndé rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín in láti ìgbà náà. Àbẹ̀kẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wọ ọ́fíìsì, ọmọ náà ń fọwọ́ sí ìwé owó, àwọn oníbàárà sì ń pè é ní ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí ọmọ náà jẹ́ nínú òwò. Àkàndé wá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní márùn-ún nínú mẹ́wàá ni ti bàbá àwọn, láti ọjọ́ kìn-ín-ní, àti pé ẹ̀rọ díjítà náà, ara ẹ̀rọ bàbá àwọn ló ti jáde.

Ta ló jàre? Ẹ má tíì dáhùn.

Òfin tí a fi ń ṣe òwò àjọṣe lórílẹ̀-èdè yìí, ara òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1890 ló ti wá. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ lórí òwò àjọṣe, àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ náà jogún tiwọn, ṣùgbọ́n ipasẹ̀ òfin 1890 yẹn ni gbogbo wọn tọ̀. Ohun tó sọ nípa àtúnṣe kò gùn. Ó ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn tó jọ ń ṣòwò ṣeé yí padà bí gbogbo wọn bá fohùn sí i. Ó wá fi gbólóhùn kan kún un, èyí tó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ ba olówò: ìfohùnsí náà lè jẹ́ èyí tí wọ́n sọ jáde, ó sì lè jẹ́ èyí tí adájọ́ yóò yọ láti inú bí wọ́n ṣe ń ṣe òwò wọn.

Kí òfin yẹn tó dé ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ọgbọ́n yìí. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pilling. Bàbá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wọ òwò. Ìwé àdéhùn sọ pé ilé iṣẹ́ àti ẹ̀rọ inú rẹ̀, ti bàbá ṣì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ ìṣirò òwò fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ńṣe ni wọ́n ń ṣe ohun ìní náà bí ẹni pé ti gbogbo wọn ni. Kóòtù ní ìwé ìṣirò ti borí ìwé àdéhùn, ohun ìní náà ti di ti òwò. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí bébà tuntun kankan níbẹ̀. Ìwé ìṣirò ọdọọdún ló ṣe àtúnṣe àdéhùn wọn, bóyá bàbá náà mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Àwọn àgbà wa ti rí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní má fi oko mi dá ọ̀nà, ọjọ́ kan ṣoṣo là á kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́ títí tí ọ̀nà fi là nínú oko rẹ̀, ọjọ́ tó bá pariwo, àwọn tó ń kọjá yóò ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń gbà á. Nítorí náà, àwọn ọmọ Àkàndé lè má rí márùn-ún wọn gbà. Àjàní lè mú ìwé ìṣirò jáde pé mẹ́rin lòun ti ń gbà, Àkàndé sì ń fọwọ́ sí i lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wo wàhálà tó wà níbẹ̀. Bí ìwé ìṣirò bá sọnù ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ owó ọwọ́ ni wọ́n ń pín lórí tábìlì? Bí àwọn ọmọ bá ní àánú ni bàbá àwọn ń ṣe Àjàní, kì í ṣe ẹ̀tọ́? Ohun tí wọ́n sọ pẹ̀lú ẹ̀rín lọ́jọ́ kan ti di ohun tí ẹlẹ́rìí mẹ́fà yóò máa jẹ́rìí lé lórí. Ohun tí mò ń sọ ni pé òwò yóò yí àdéhùn padà, bí ẹ kọ ọ́, bí ẹ kò kọ ọ́. Ẹni tí kò kọ ọ́ ló fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ adájọ́.

Bí ó ti rọrùn tó láti yí àdéhùn padà láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣòro tó láti fi agídí yí i padà. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bí irú bébà tí a óò rà tàbí ẹni tí a óò gbà síṣẹ́, ohùn àwọn tó pọ̀ jù ló ń borí. Ṣùgbọ́n kí a mú ẹni tuntun wọ òwò, kí a yí irú òwò náà padà, kí a yí àdéhùn fúnra rẹ̀ padà, gbogbo alájọṣe ló gbọ́dọ̀ gbà. Méjì kò lè jókòó kí wọ́n fi ìbò lé ẹnìkẹta jáde, àfi bí ìwé àkọ́kọ́ bá ti fún wọn lágbára bẹ́ẹ̀. Ọmọ Àbẹ̀kẹ́ tí gbogbo oníbàárà ń pè ní ọ̀gá kò tíì di alájọṣe nítorí pé ìyá rẹ̀ mú un wá. Àmọ́ bí ó bá fọwọ́ sí gbèsè lórúkọ òwò, ẹni tó yá wọn lówó lè sọ pé ojú ọ̀gá lòun fi wò ó, wọ́n sì jẹ́ kí òun wò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: níbi tí àdéhùn kò bá ti fojú hàn, òfin ní kí wọ́n pín èrè lọ́gbọọgba. Kò bèèrè ta ló mú ẹ̀rọ wá, kò bèèrè ta ló ń jí ní òwúrọ̀ kùtù. Àwọn tó bá ń rò pé ìwà rere wọn yóò sọ̀rọ̀ fún wọn ní kóòtù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí gbólóhùn yìí.

Báwo wá ni a ṣe ń kọ àtúnṣe tó dúró? Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè kọ ìwé àfikún tí yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ sì lè gbé ti àkọ́kọ́ tì kí ẹ kọ òmíràn látòkèdélẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó yí padà kò bá ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, àfikún ti tó. Bí ó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹta tí ẹ óò ṣe àfikún, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ kọ tuntun. Mo ti rí òwò tí ìwé rẹ̀ di márùn-ún, tí ìkẹta ń pa èkejì rẹ́, tí ìkẹrin ń tọ́ka sí ojú ìwé tí kò sí mọ́. Lọ́yà méjì kò lè ka irú rẹ̀ kí ìtumọ̀ wọn bára mu.

Àfikún gbọ́dọ̀ dárúkọ ìwé tó ń tún ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Kó sọ nọ́ńbà ìpínrọ̀ tó ń yí padà, kó wá kọ ìpínrọ̀ tuntun náà tán pátápátá. Ẹni tó bá kọ pé "a ti ṣàtúnṣe pípín èrè" kò tíì kọ nǹkan kan. Kó kọ ọ́ pé láti ọjọ́ báyìí lọ, Àkàndé yóò máa gba mẹ́ta, Àbẹ̀kẹ́ mẹ́ta, Àjàní mẹ́rin. Ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an, torí ibẹ̀ ni ìjà èrè ọdún tó kọjá ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó sọ pé gbogbo ohun yòókù nínú ìwé àkọ́kọ́ dúró bó ṣe wà. Kí gbogbo alájọṣe fọwọ́ sí i, kì í ṣe àwọn tó wà nítòsí nìkan; kí wọ́n sì fi àmì ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ẹlẹ́rìí jẹ́ ìyàwó tàbí ọmọ ẹni tó ń jẹ èrè níbẹ̀. Kò sí òfin tó kọ̀ ọ́ pátápátá o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ẹjọ́, ẹni tó máa jogún kò dára lẹ́nu ẹ̀rí.

Bí ẹnìkan bá ń jáde, ọ̀rọ̀ gbèsè ni kí ẹ dojú kọ kí ẹ tó dé orí èrè. Ẹni tó jáde kò bọ́ nínú gbèsè tí òwò jẹ nígbà tó wà níbẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé yín pé àwọn tó kù ni yóò san án, àdéhùn láàárín ẹ̀yin nìkan nìyẹn. Oníbébà tí ẹ jẹ lówó kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ ọ́, ó sì lè mú ẹni tó jáde. Àfi bí òun náà bá gbà, kó sì fọwọ́ sí i, ni ọrùn rẹ̀ tó yọ. Ẹni tó ń wọlé ní tirẹ̀ kì í ru gbèsè àtijọ́ kìkì nítorí pé ó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ìkéde. Àwọn oníbàárà àti àwọn tó ń tà fún yín láwìn gbọ́dọ̀ gbọ́ láti ẹnu yín pé lágbájá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ lọ sí báńkì lọ́jọ́ kejì, kí ẹ yọ orúkọ rẹ̀ lára àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé owó. Èyí tí àwọn èèyàn ń gbàgbé jù ni àjọ CAC. Bí òwò yín bá ní orúkọ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ 28 ni òfin fún yín láti fi tó wọn létí pé ẹnìkan jáde, ẹnìkan wọlé, tàbí àdírẹ́ẹ̀sì yí padà. Bí ẹ bá sì ti ju èèyàn 20 lọ, òfin kọ́ńpìnnì tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti 2020, ní kí ẹ lọ di kọ́ńpìnnì, àfi àwọn díẹ̀ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti àwọn lọ́yà tí òfin yọ sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òǹtẹ̀.

Owó òǹtẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Abújá. Ilẹ̀ Netherlands ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1624 nígbà tí wọ́n ń wá owó ogun. Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1694, àwọn náà ń wá owó ogun, Faransé ni wọ́n ń bá jà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1765, àwọn ará ibẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì fagi lé e lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tiwa dé ní 1939 lábẹ́ ìjọba amúnisìn, kò sì sẹ́ni tó bá wa fagi lé e. Ohun tó jẹ́ kí owó yìí pẹ́ láyé ni pé ìjọba kì í sábà rán ẹnikẹ́ni wá gbà á. Wọ́n kàn sọ pé ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀, kóòtù kò ní gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò gbé owó náà lọ bá wọn lọ́jọ́ tí o bá nílò ìwé rẹ. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó ronú rẹ̀, bí inú wa kò tilẹ̀ dùn sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbi yìí, torí òǹtẹ̀ tó wà lójú ọjà pọ̀, wọ́n sì ń da ara wọn rú. Òǹtẹ̀ rọ́bà ilé iṣẹ́ yín tí àwọn ará Ṣómólú ń ṣe fún gbogbo Èkó kì í ṣe owó òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́yà tí èmi yóò lẹ̀ mọ́ ìwé, ó ń fi hàn pé lọ́yà ló kọ ọ́ ni, kì í ṣe owó òǹtẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìwé lọ sí kóòtù kí akọ̀wé kóòtù lu òǹtẹ̀ ìbúra lé e, ìbúra nìyẹn, kì í ṣe owó òǹtẹ̀. Èyí tó wá ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù ni 50 náírà tí báńkì máa ń yọ lórí owó tó tó 10,000 náírà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Wọ́n ti pè é ní owó òǹtẹ̀ rí. Òfin ìnáwó ti 2020 ló yí orúkọ rẹ̀ padà sí owó ìfowóránṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026 sì ni orúkọ owó òǹtẹ̀ tún ti padà sára rẹ̀. Oníbàárà kan sọ fún mi pé, "Lọ́yà, mo ti san stamp duty, ẹ wò ó lórí fóònù mi." Àádọ́ta náírà rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò sì kan ìwé àdéhùn rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà rú ìjọba pàápàá lójú: ní 2020, FIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, àti ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ NIPOST fa ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, oníkálukú ní òun lòun ni òǹtẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá bá ń jà, ẹ kò lè bá mẹ̀kúnnù wí pé kò mọ èwo ni.

Ibo ni a ti ń san ti ìwé àdéhùn? Ẹ wo àwọn tó fọwọ́ sí i. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara, bí Àkàndé, Àbẹ̀kẹ́ àti Àjàní, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ní Èkó níbí, LIRS, àjọ owó orí ìpínlẹ̀, ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ìyẹn FIRS tẹ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti di Nigeria Revenue Service láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Àwọn kan ti sanwó ní ibi tí kò yẹ, wọ́n ń pariwo pé àwọn ní rìsíìtì. Rìsíìtì ibòmíràn ni.

Èló ni? Oríṣi méjì ni owó òǹtẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ iye kan náà fún gbogbo ìwé irú rẹ̀, èkejì ń bá iye ohun tí ìwé náà gbé lọ. Nínú àtẹ tí FIRS gbé jáde ní 2020, ìwé àdéhùn lásán jẹ́ 500 náírà, ìwé ìfẹnukò jẹ́ 1,000 náírà. Ìwé tó ta ilé tàbí ilẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀. Àtúnṣe tó kàn yí pípín èrè padà láàárín àwọn mẹ́ta wa yìí, ọ̀dọ̀ àwọn owó kékeré yẹn ló wà. Owó tí Àjàní ń fi ra oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pọ̀ jù ú lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gùn ni ibi tí ohun ìní ti wọ̀ ọ́. Ká ní òwò ti ra ilé tó wà nínú rẹ̀ ní 20 mílíọ̀nù náírà, tí Àkàndé fẹ́ jáde, tí Àjàní fẹ́ san owó ìpín rẹ̀ nínú ilé náà fún un. Ẹ má tan ara yín pé àtúnṣe àdéhùn lásán nìyẹn. Títà ló wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ òǹtẹ̀ yóò sì wò ó bí títà. Ilé 20 mílíọ̀nù tí wọ́n bá tà tán, owó òǹtẹ̀ rẹ̀ ní 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 300,000 náírà. Ẹ fi ìpín Àkàndé ṣírò tirẹ̀. Àti pé ilẹ̀ ò lè ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìsí àṣẹ gómìnà, gẹ́gẹ́ bí òfin lílo ilẹ̀ ti 1978 ṣe sọ. Nítorí náà, ẹ ya ìwé ilẹ̀ kúrò lára ìwé àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú san tirẹ̀ níbi tó yẹ. Àwọn kan máa ń kọ iye tó kéré sínú ìwé kí owó òǹtẹ̀ lè wálẹ̀. Òfin ní gbogbo ohun tó bá kan iye owó náà gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé. Láìka òfin sí, ẹni tó kọ 2 mílíọ̀nù sí ìwé, tó sì gba 6, ọjọ́ tí òwò bá yíwọ́, 2 ni ìwé yóò jẹ́rìí pé ó ní. Bí iye tó yẹ kí ẹ san kò bá dá yín lójú, ẹ má gba ọ̀rọ̀ àwọn aṣojú ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹ̀tọ́ yín ni pé kí àjọ tó ń gba owó òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ yẹ ìwé náà wò, kó sọ iye rẹ̀.

Ọjọ́ ńkọ́? Òfin 1939 fún ìwé lásán ní 40 ọjọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ó sì fún èyí tí owó rẹ̀ ń bá iye lọ ní 30. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹfà 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí tuntun, òfin òǹtẹ̀ sì ti wọ inú wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2026. Ẹni tó bá san owó rẹ̀ láàárín 30 ọjọ́ kò ní òfin kankan láti bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ òṣùwọ̀n yín. Ẹ sì bèèrè iye tó wà lóde ní ọ́fíìsì kí ẹ tó gbéra, torí àtẹ owó lè yí padà.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ìwé kò kú. Wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pẹ̀lú owó ìtanràn, kódà kóòtù lè gba owó náà pẹ̀lú ìtanràn rẹ̀ kí wọ́n tó gba ìwé wọlé. Ìdí rèé tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń dẹ́rù ba yín pé ìwé tí kò lóǹtẹ̀ ti di ìwé ìdọ̀tí. Ó ṣì dè yín láàárín ara yín. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ọjọ́ tí ẹ óò máa wá owó ìtanràn kiri: adájọ́ ti jókòó, lọ́yà ọ̀tá yín ti dìde, ó ní, "Olúwa mi, ìwé yìí kò lóǹtẹ̀." Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú oṣù méjì. Owó tí ẹ óò fi máa wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀ nìkan ti ju ohun tí ẹ sá fún lọ. Àwọn mìíràn á wá dá ọgbọ́n, wọ́n á yí ọjọ́ orí ìwé padà kí ó lè dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe é. Ìtanràn tí ẹ sá fún kò tó nǹkan. Ayédèrú ìwé ń gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ kò jóòótọ́ tún ń ba àwọn ìwé yòókù jẹ́, torí adájọ́ kò ní gba ìkankan gbọ́ mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rò ó pé bí wàhálà òwò àjọṣe bá tó báyìí, kí àwọn kúkú lọ di irú àjọṣe tí òfin kò ní jẹ́ kí gbèsè wọn kọjá ohun tí wọ́n dá sí i. Ó ṣeé ṣe. Èkó ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti 2009, CAMA sì mú un dé gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2020. Ó ní ìwé tirẹ̀ àti owó tirẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Kò sì yọ yín nínú ohun tí a ń sọ, torí àwọn náà ní ìwé àdéhùn, tiwọn náà sì ń gbó.

Kí n tó jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ fún ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sí níbí. Kò yẹ kí oníṣẹ́ ìwé títẹ̀ tó ní àtúnṣe olójú ìwé méjì pa ọjọ́ iṣẹ́ kan rẹ́ nítorí owó tí kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán. Ó lè ṣeé san lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí èdè tí wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù náà kò bá yé ẹni tó ń kún un, ọwọ́ aṣojú ẹnu ọ̀nà ló ń bọ́ sí, aṣojú a sì gba ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù náà ní Yorùbá. Ẹ gbé tábìlì kan wá sí Ṣómólú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Owó òǹtẹ̀ tí ẹ óò gbà lọ́wọ́ wa yóò pọ̀ ju èyí tí ẹ ń gbà báyìí lọ.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni kí ẹ fi ọjọ́ Sátidé kan sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní alájọṣe mú ìwé àdéhùn wọn wá, kí wọ́n sì mú alájọṣe náà wá pẹ̀lú. Èmi àti àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ mi méjì yóò wá, a kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá sọ òótọ́ bí wọ́n ṣe ń pín èrè mọ́, a óò bá a kọ àfikún rẹ̀ lọ́jọ́ náà, a óò sì sọ ọ́fíìsì tí yóò gbé e lọ fún un. Kí àwọn tó fẹ́ wá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí wọ́n tó jáde.